Táyà ń ha fẹ́ńdà, ẹ̀gbẹ́ kan sì wọlẹ̀ ju èkejì lọ: bí a ṣe ń tún ọkọ̀ tí a rẹ̀ sílẹ̀ ṣe

Bí ẹ bá ti rẹ ọkọ̀ yín sílẹ̀, ìyẹn ni pé ẹ mú un sún mọ́ ilẹ̀ ju bí ilé-iṣẹ́ ṣe ṣe é lọ, tí ẹ wá já sínú kòtò tí ẹ gbọ́ "hààà" lábẹ́ fẹ́ńdà ẹ̀yìn, ẹ má tíì wa ọkọ̀ lọ bá páńẹ́ẹ̀lì bítà. Ohun tó sábà máa ń ṣẹlẹ̀ nìyí: táyà ha, wọ́n gbé hámà, wọ́n lu etí fẹ́ńdà wọnú, ọ̀dà là, ìpẹtà mú ibẹ̀. Kò pẹ́, táyà tún ń ha, nítorí pé etí fẹ́ńdà kọ́ ló jẹ̀bi. Sípíríǹgì igun yẹn ló ti ṣẹ́ nísàlẹ̀, tàbí kẹ̀ ẹni tó dè é kò jẹ́ kí ó jókòó síbi tó yẹ. Nítorí náà, gíga ọkọ̀ ni ẹ ó kọ́kọ́ mú dọ́gba, kí ẹ tó kan fẹ́ńdà. Igun tó wọlẹ̀ jù ló máa ń kọ́kọ́ ha, bí ẹ bá sì gbé e padà sókè, ọ̀pọ̀ ìgbà ni híha náà á dáwọ́ dúró láìjẹ́ pé ẹ gé ohunkóhun.

Honda Civic tí wọ́n ṣe láàárín 2006 sí 2011 ni mo máa fi ṣe àpẹẹrẹ, torí pé ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ àti ti ẹ̀yìn kò rí bákan náà. Níwájú, ṣọ́ọ̀kù àti sípíríǹgì wà pọ̀ lójú kan, wọ́n sì dè wọ́n tààrà mọ́ irin tó gbé họ́ọ̀bù, ìyẹn irin róbótó tí a ń de rímù mọ́. Lẹ́yìn, áàmù (apá irin tó so ibi tí táyà wà mọ́ ara ọkọ̀) lókè, áàmù nísàlẹ̀ ni. Corolla 2003 sí 2008 àti Golf 3 ní irin áásù kan gbọọrọ tó so òsì pọ̀ mọ́ ọ̀tún lẹ́yìn. Níbi tí tiwọn bá ti yàtọ̀, mo máa sọ ọ́.

Ohun tí ẹ ó kó jọ

Jáàkì tó lágbára, sitáǹdì méjì ó kéré tán, wíìlì sípánà, sípánà oníwọ̀n tó ń sọ bí agbára tí ẹ fi dè ṣe pọ̀ tó, tépù tó ní àmì mìlímítà, tọ́ọ̀ṣì, búrọ́ọ̀ṣì onírin, ẹfun, amọ̀ rírọ̀ tí àwọn ọmọdé fi ń ṣeré, ìwé àti bírò. Bó bá jẹ́ coilover (ṣọ́ọ̀kù àti sípíríǹgì tó ní òrùka eléyín tí a lè yí láti gbé ọkọ̀ sókè tàbí sọ̀ ọ́ kalẹ̀) ló wà lẹ́sẹ̀ ọkọ̀ yín, ẹ wá sípánà oníkọ́ tó bá a wá nínú páálí. Àwọn tó ń fi hámà àti irin ṣóńṣó yí òrùka coilover ti ba eyín òrùka jẹ́ fún ọ̀pọ̀ ènìyàn, bẹ́ẹ̀ ọjọ́ tí eyín yẹn bá jẹ tán, gíga yẹn ni ọkọ̀ á wà títí.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ki orí sábẹ́ ọkọ̀ tó dúró lórí jáàkì nìkan. Ẹ gbé sitáǹdì sábẹ́ rẹ̀, kí ẹ sì tẹ́ táyà tí ẹ tú sábẹ́ irin ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, kí nǹkan kan wà tó máa gbà á bí sitáǹdì bá yẹ̀. Bákan náà, sípíríǹgì tí a fún pọ̀ lè pa ènìyàn. Bí ẹ kò bá ní irin tí a fi ń fún un, ẹ gbé ṣọ́ọ̀kù náà lọ bá mẹkáníìkì tó ní i. Wáyà àti okùn kò lè ṣe iṣẹ́ yẹn.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ wá ilẹ̀ tó tẹ́jú

Ibí yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Ilẹ̀ iwájú ilé lè dà bíi pé ó tẹ́jú lójú, síbẹ̀ kí ó fi ínǹṣì kan dà sí ẹ̀gbẹ́ kan kí omi òjò lè ṣàn lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ilé epo. Ẹ ṣe bí àwọn bíríkílà ṣe máa ń ṣe: ẹ rọ omi sínú rọ́bà tó mọ́ gaara, kí ẹ rí i pé atẹ́gùn kankan kò há sáàárín, kí ẹ mú ẹnu kan sí ibi táyà iwájú òsì, ẹnu kejì sí ibi táyà iwájú ọ̀tún. Ẹ wọn bí omi ṣe ga tó sílẹ̀ ní ẹnu méjèèjì. Bí iye méjèèjì bá bára mu, ilẹ̀ dọ́gba níbẹ̀. Bí kò bá bára mu, ẹ fi pákó pẹlẹbẹ tàbí táìsì tó nípọn tó àlàfo náà sábẹ́ táyà tó wà níbi tó wọlẹ̀. Ẹ ṣe é dé ojú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Ẹ fẹ́ atẹ́gùn sí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dé iye tó wà lára ìwé kékeré tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹnu ìlẹ̀kùn awakọ̀. Ẹ kó ẹrù kúrò nínú búùtù. Àpótí sípíkà ńlá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan búùtù wà lára ẹrù o: bó bá jẹ́ pé ibẹ̀ ló máa ń wà lójoojúmọ́, ẹ fi í sílẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ pé ó lọ́wọ́ nínú ohun tí ẹ fẹ́ wọn. Lẹ́yìn náà, ẹ ti ọkọ̀ síwájú, ẹ tì í sẹ́yìn, kí ẹ tẹ orí rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú àti lẹ́yìn kí ó fò díẹ̀. Ọkọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lórí jáàkì kì í padà sí gíga rẹ̀ lójú ẹsẹ̀; táyà á di ilẹ̀ mú, ẹsẹ̀ kò ní lè tẹ́ jáde, ọkọ̀ á wá ga ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹni tó bá wọn ọkọ̀ ní àkókò yẹn, irọ́ ló wọn.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ wọn ọ́n, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀

Láti àárín họ́ọ̀bù gan-an lọ sókè tààrà dé etí fẹ́ńdà ni kí ẹ ti wọn ọ́n. Ẹ má ti ilẹ̀ wọn ọ́n, torí táyà tó ti jẹ tàbí tí atẹ́gùn rẹ̀ kéré á tàn yín. Ká ní ohun tí ẹ rí ni: iwájú òsì 345 mìlímítà, iwájú ọ̀tún 331, ẹ̀yìn òsì 340, ẹ̀yìn ọ̀tún 342. Igun iwájú ọ̀tún ló ń ké sí yín yẹn.

Ṣùgbọ́n ẹ dúró ná. Ọkọ̀ tòkunbọ̀ pọ̀ nílẹ̀ yìí tí wọ́n ti pààrọ̀ fẹ́ńdà rẹ̀ lẹ́yìn ìjàǹbá, tí fẹ́ńdà tuntun náà kò sì jókòó bíi ti àkọ́kọ́. Nítorí náà, ẹ tún wọn láti ilẹ̀ tí ẹ ti mú tẹ́jú yẹn dé etí irin abẹ́ ìlẹ̀kùn, níbi tí ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ ní kí a máa ki jáàkì sí. Bí òsì àti ọ̀tún bá bára mu níbẹ̀, tí wọn kò bára mu ní fẹ́ńdà, kò sóhun tó ṣe ẹsẹ̀ ọkọ̀ yín. Fẹ́ńdà ló yẹ kí ẹ tún ṣe. Bí wọn kò bá bára mu níbi méjèèjì, iṣẹ́ wà lábẹ́ ọkọ̀.

Ìyàtọ̀ tí kò bá ju mìlímítà 5 lọ láàárín òsì àti ọ̀tún, èmi kì í da ara mi láàmú lórí rẹ̀. Ojú kì í rí i, táyà kì í sì mọ̀ ọ́n.

Ìgbésẹ̀ kẹta: kí ló mú igun yẹn wọlẹ̀?

Kí ẹ tó tú ohunkóhun, ẹ mọ bóyá iwájú ló ń ti ẹ̀yìn tàbí ẹ̀yìn ló ń ti iwájú. Sípíríǹgì ẹ̀yìn òsì tó ga jù lè ti iwájú ọ̀tún wọlẹ̀, torí igun tó dojú kọra ń pín ẹrù láàárín ara wọn. Ẹ fi jáàkì gbé ẹ̀yìn ọkọ̀ sókè díẹ̀ ní àárín gbùngbùn rẹ̀, níbi tí ìwé ọkọ̀ ní kí a gbé e, kí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjèèjì má gbé ẹrù mọ́. Bí iwájú bá wá dọ́gba, ẹ̀yìn ni àìsàn wà. Bó bá ṣì dà sí ẹ̀gbẹ́ kan, iwájú náà ló wà.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí sípíríǹgì. Ẹ wo ìsàlẹ̀ pátápátá, ibi tí ó ti jókòó sínú abọ́ irin rẹ̀. Níbẹ̀ ni omi àti ẹrẹ̀ máa ń dúró sí, ibẹ̀ ni ìpẹtà sì ti máa ń jẹ ẹ́ títí tí ìdajì ìyípo á fi kán. Ọkọ̀ á wọlẹ̀ díẹ̀, àmọ́ awakọ̀ lè má mọ̀ fún oṣù mélòó kan. Bí kò bá kán, ẹ ki ìka yín sí ẹnu sípíríǹgì náà. Abọ́ irin yẹn ní ìdènà kékeré kan, bí àtẹ̀gùn kan ṣoṣo, tí ó yẹ kí ẹnu sípíríǹgì kọlù. Bí ẹnu náà bá ti gun orí ìdènà, ọkọ̀ á ga ní igun yẹn. Bó bá sì jìnnà sí i, sípíríǹgì lè yí nígbà tí ẹ bá ń kọ́ sítíárì, ẹ ó máa gbọ́ "kọ̀ǹ" kan bí ẹni fi nǹkan lu irin. Ẹ tú u, ẹ yí i sí àyè rẹ̀. Owó kankan kò sí níbẹ̀ ju owó iṣẹ́ lọ.

Sípíríǹgì tí wọ́n gé jẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn. Bí wẹ́dà bá ti fi iná gáàsì gé e, ooru ti pa agbára irin náà níbi tí iná dé, á máa rọ̀ síwájú sí i lójoojúmọ́, òsì àti ọ̀tún kò sì ní rọ̀ bákan náà. Gígé náà tún ń mú kí ìyókù le sí i, torí bí ìyípo bá ṣe dín ni sípíríǹgì ṣe ń le. Kò sí àtúnṣe fún un. Ẹ ra méjì tuntun, ẹ pààrọ̀ òsì àti ọ̀tún pọ̀. Mo mọ̀ pé owó ni, ṣùgbọ́n ìwàláàyè àwọn tó wà nínú ọkọ̀ ló wà lórí irin yẹn, kò sì yẹ ká fi í ṣe ọ̀rọ̀ "ẹ jẹ́ ká ṣì lò ó bẹ́ẹ̀". Rọ́bà tí àwọn kan ń ki sáàárín ìyípo sípíríǹgì láti gbé igun kan sókè náà kò dára: á mú kí igun yẹn le ju mẹ́ta yòókù lọ, ọkọ̀ á sì máa fà nígbà tí ẹ bá tẹ bíréékì lójú ọ̀nà tó burú.

Bí sípíríǹgì bá pé, ohun méjì ló kù tí ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì kì í yẹ̀ wò. Ìkíní ni línkéèjì tó so irin amúdúró (irin gbọọrọ tí kì í jẹ́ kí ọkọ̀ dà sí ẹ̀gbẹ́ jù ní kọ́nà) mọ́ ẹsẹ̀ òsì àti ọ̀tún. Bí wọ́n bá dè é nígbà tí ẹsẹ̀ kan wà nílẹ̀ tí èkejì ń rọ̀ dirodiro lórí jáàkì, irin náà lè máa tì ọkọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ẹ tú ẹnu kan línkéèjì òsì àti ti ọ̀tún, ẹ ti ọkọ̀ síwá sẹ́yìn, ẹ tún wọn ọ́n. Bó bá dọ́gba, ẹ ti rí i nìyẹn. Ẹ dè é padà nígbà tí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà lórí ilẹ̀.

Ìkejì ni búṣìnì lówà áàmù, ìyẹn rọ́bà tó wà ní ibi tí a ti de áàmù ìsàlẹ̀ mọ́ ara ọkọ̀. Rọ́bà inú búṣìnì lẹ̀ mọ́ irin àárín rẹ̀, kì í yí lórí irin náà. Lílọ́ ló ń lọ́. Bí mẹkáníìkì bá dè é típẹ́típẹ́ nígbà tí táyà wà lófuurufú, ọjọ́ tí ọkọ̀ bá sọ̀ kalẹ̀ ni rọ́bà náà á bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́ tọ̀sán tòru, á máa ti ọkọ̀ sókè ní igun yẹn, á sì ya kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé. Lórí ọkọ̀ tí a rẹ̀ sílẹ̀, ìlọ́po ìyà ni, torí áàmù ti kúrò ní ibi tí ilé-iṣẹ́ fi í sí. Ẹ tú bóòtù búṣìnì náà díẹ̀ nígbà tí ẹrù ọkọ̀ wà lórí táyà, ẹ mi ọkọ̀, kí ẹ wá dè é. Bí ẹ kò bá lè wọ abẹ́ ọkọ̀ lórí ilẹ̀, ẹ wa táyà gun orí pákó mẹ́rin tó nípọn bákan náà. Ẹnikẹ́ni tó bá ń pààrọ̀ ṣọ́ọ̀kù tàbí áàmù fún yín, ẹ rán an létí èyí kí ó tó gba owó rẹ̀.

Ẹ yẹ ìdè ṣọ́ọ̀kù lókè wò pẹ̀lú, lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Bí rọ́bà rẹ̀ bá ti rì, ẹ pààrọ̀ rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: mímú coilover dọ́gba

Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì onírin fọ iyanrìn kúrò lára eyín coilover, ẹ wọ́n òróró díẹ̀ sí i, kí ẹ jẹ́ kí ó rìn kí ẹ tó yí òrùka. Ẹ mọ irú èyí tí ẹ ní. Irú kan wà tí òrùka abẹ́ sípíríǹgì ló ń gbé ọkọ̀ sókè tàbí sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Irú kejì, ìdí rẹ̀ gan-an ló ń yí, tí gbogbo ṣọ́ọ̀kù á gùn sí i tàbí kúrú sí i. Lórí irú yìí, ẹ má fi òrùka sípíríǹgì wá gíga, torí ẹ ó kàn máa fún sípíríǹgì pọ̀ lásán ni, ẹsẹ̀ á wá ní àyè díẹ̀ láti rìn.

Ẹ fi ọ̀dà funfun sàmì sí òrùka òsì àti ọ̀tún. Ẹ kọ́kọ́ mú kí eyín tó hàn lábẹ́ òrùka òsì àti ti ọ̀tún dọ́gba, ẹ sọ ọkọ̀ kalẹ̀, ẹ tì í síwá sẹ́yìn, ẹ wọn ọ́n. Ìgbà yẹn ni ẹ ó tó máa yí èyí tó wọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Níwájú Civic, mìlímítà 10 lórí òrùka súnmọ́ mìlímítà 10 ní fẹ́ńdà. Lẹ́yìn kò rí bẹ́ẹ̀: ṣọ́ọ̀kù kò sí ní ìparí áàmù, nítorí náà mìlímítà 10 lórí òrùka á mú kí fẹ́ńdà gbéra ju 10 lọ. Ẹ yí i díẹ̀, ẹ wọn ọ́n, ẹ kọ ọ́. Kò sí ọ̀nà àbùjá níbẹ̀. Bí ẹ bá ti parí, ẹ de òrùka ìtìlẹ́yìn rẹ̀ típẹ́típẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èrò ọkàn mi lórí bí ó ṣe yẹ kí ó wọlẹ̀ tó. Ojú ọ̀nà tí à ń gbà lójoojúmọ́ ní kòtò, ó ní bọ́ǹpù tí ẹnì kan mọ sókè níwájú ilé rẹ̀, ó ní gọ́tà tí a gbọ́dọ̀ sọdá. Fún Civic tó ń lọ síbi iṣẹ́ tó sì ń gbé ọmọ lọ sí ilé-ìwé, mìlímítà 25 sí 35 nísàlẹ̀ gíga ilé-iṣẹ́ ti tó. Ó lẹ́wà, ó sì tún ṣeé lò.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ibo gan-an ló ti ń ha?

Nígbà tí gíga bá ti dọ́gba, ẹ wa ọkọ̀ náà lọ bí ẹ ṣe ń wà á. Bí híha bá ti lọ, ẹ fò lọ sí ìgbésẹ̀ tó kẹ́yìn. Bó bá ṣì ń ha, ẹ jẹ́ kí ọkọ̀ fúnra rẹ̀ tọ́ka sí ibẹ̀.

Ẹ nu etí fẹ́ńdà àti ike inú rẹ̀ mọ́, kí ẹ fi ẹfun kun wọ́n láti iwájú dé ẹ̀yìn. Ẹ mọ amọ̀ kéékèèké sí ibi tí ẹ bá fura sí. Ẹ ṣe àyẹ̀wò mẹ́ta, kí ẹ sì wo àmì lẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan kí ẹ má baà da wọ́n pọ̀. Àkọ́kọ́, ẹ kọ́ sítíárì sí òsì tán, ẹ rìn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ síwájú, ẹ rìn sẹ́yìn. Ẹ ṣe ọ̀tún náà. Èkejì, ẹ gun bọ́ǹpù láìkọ́ sítíárì. Ẹ̀kẹta, ẹ kó ènìyàn mẹ́ta sẹ́yìn, kí ẹ fi àpò ìrẹsì kan tàbí méjì sínú búùtù, ẹ tún gun bọ́ǹpù kan náà. Ọkọ̀ tí kò ha nígbà tí ẹ dá wà nínú rẹ̀ lè máa pariwo gan-an lọ́jọ́ òde ìgbéyàwó.

Ibi tí ẹfun bá ti pa rẹ́ ni ọ̀rọ̀ wà. Ẹ wo táyà náà: ìlà tó ń dán ní èjìká rẹ̀ lóde, etí fẹ́ńdà ni. Ìlà tó ń dán ní ikùn rẹ̀ nínú, ara ṣọ́ọ̀kù tàbí abọ́ sípíríǹgì ni, èyí sì léwu gidi torí ẹ kì í rí i láìtú táyà. Bí ẹ bá rí òwú tàbí wáyà ní ikùn táyà, tàbí ibi tó wú bí eéwo, ọ̀rọ̀ àtúnṣe ti kúrò níbẹ̀. Ẹ ju táyà náà nù, ẹ má sì tà á fún fọkanáísà tí yóò tún un tà fún ẹlòmíràn. Nígbà tí táyà wà lórí jáàkì, ẹ tẹ̀ lé rọ́bà bíréékì àti wáyà ABS (ohun tí kì í jẹ́ kí táyà há nígbà tí a bá tẹ bíréékì) láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí ẹ rí i pé táyà kò kàn wọ́n nígbà tí a kọ́ sítíárì tán.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: àtúnṣe, bí ibi tí ó ń ha bá ṣe rí

Ẹ kọ́kọ́ ka ohun tí a kọ sára táyà, torí ọ̀pọ̀ ìgbà, táyà ló ga jù. 205/55R16 tó bá Civic yìí wá: fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 205, ikùn rẹ̀ jẹ́ ìdá 55 nínú 100 fífẹ̀ náà, ìyẹn nǹkan bí 113, rímù jẹ́ ínǹṣì 16, tí í ṣe mìlímítà 406. Ikùn lókè, ikùn nísàlẹ̀, pẹ̀lú rímù: gíga táyà jẹ́ nǹkan bí 632. Ẹnì kan wá ra rímù 17, ẹni tó ń ta táyà sì fún un ní 215/55R17. Ìyẹn ga tó 668. Ó fi mìlímítà 36 jù, ìdajì rẹ̀ ló máa wọnú fẹ́ńdà lókè. Kò sí fẹ́ńdà tí a lù tí yóò gba ìyẹn lórí ọkọ̀ tí a rẹ̀ sílẹ̀. 215/45R17 ló yẹ: ó jẹ́ 625, ó kéré díẹ̀ sí ti ilé-iṣẹ́.

Lẹ́yìn náà, rímù. Wọ́n kọ ET sínú rẹ̀ pẹ̀lú iye kan: bí ojú tí rímù fi kan họ́ọ̀bù ṣe jìnnà sí àárín fífẹ̀ rẹ̀ tó, ní mìlímítà. Bí ET bá ṣe kéré tó ni rímù ṣe ń yọ síta tó. Rímù ilé-iṣẹ́ Civic yìí jẹ́ 16 × 6.5 (gíga àti fífẹ̀ rẹ̀ ní ínǹṣì), ET45. Bí ẹ bá fi 17 × 8, ET35 sí i, etí òde rẹ̀ á yọ síta ní mìlímítà 29, etí inú á sì wọnú sí i ní 9. Ẹ rí i pé òde àti inú ni ó ti fẹ́ ha. 17 × 7, ET45 kò yọ ju nǹkan bí mìlímítà 6 lọ sí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí kò tíì ra rímù, kí ó ṣe ìṣirò yìí kí ó tó sanwó. Ẹni tó ti rà á, ó lè rọrùn jù láti fi í ṣe pàṣípààrọ̀ ju kí ó máa gé ọkọ̀ kiri.

Bó bá jẹ́ ike inú fẹ́ńdà ni táyà ń kàn nígbà tí ẹ kọ́ sítíárì tán, iṣẹ́ kékeré ni. Ẹ wò ó bóyá ìdè rẹ̀ ti já. Nílẹ̀ wa, ọ̀pọ̀ rẹ̀ ló ti já. Ẹ de é padà. Bó bá ṣì ń kàn án, ẹ fi afẹ́fẹ́ gbígbóná rọ ike náà, ẹ tì í sẹ́yìn, ẹ dì í mú títí yóò fi tutù. Ẹ tún wá ìdè tó so bọ́ńpà pọ̀ mọ́ fẹ́ńdà ní etí ihò táyà: orí rẹ̀ máa ń yọ jáde, ó sì lè fá táyà bí ọ̀bẹ. Ẹ fi èyí tí orí rẹ̀ pẹlẹbẹ rọ́pò rẹ̀.

Bó bá jẹ́ ikùn inú táyà ló ń ha ara ṣọ́ọ̀kù, rímù gbọ́dọ̀ jáde díẹ̀. Èlò pẹlẹbẹ tí a ń fi sáàárín họ́ọ̀bù àti rímù lè ṣe é, ṣùgbọ́n kí ihò àárín rẹ̀ bá họ́ọ̀bù yín mu gẹ́lẹ́. Ti Civic yìí jẹ́ mìlímítà 64.1, ti Corolla 54.1, ti Golf 3 sì jẹ́ 57.1. Ẹ má to wáṣà jọ dípò rẹ̀ láéláé. Ẹ ka iye ìgbà tí nọ́ọ̀tì yípo kí ó tó fún: lórí Civic, tí eyín rẹ̀ jẹ́ M12 × 1.5 (bóòtù nípọn ní mìlímítà 12, eyín kan sí èkejì jẹ́ 1.5), kò gbọ́dọ̀ dín ní 8. Bó bá dín, bóòtù ti kúrú jù, ẹ wá èyí tó gùn.

Bó bá jẹ́ pé bọ́ǹpù tàbí ẹrù nìkan ló ń mú un ha, ẹ wo rọ́bà tó wà lórí ọ̀pá ṣọ́ọ̀kù, tó máa ń gba ìkọlù nígbà tí ẹsẹ̀ bá wọlé tán. Àwọn kan máa ń gé e tàbí yọ ọ́ dànù nígbà tí wọ́n ń rẹ ọkọ̀ sílẹ̀. Rọ́bà yẹn ló yẹ kí ó dá ẹsẹ̀ dúró kí táyà tó dé fẹ́ńdà! Ẹ dá a padà. Bí ẹ bá fẹ́ mọ bó ṣe yẹ kí ó gùn tó, ẹ jẹ́ kí mẹkáníìkì yọ sípíríǹgì kúrò, kí ó de ṣọ́ọ̀kù nìkan, kí ẹ fi jáàkì gbé táyà sókè díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi kù díẹ̀ kó kan fẹ́ńdà. Ẹ wọn ọ̀pá tó hàn, ìyẹn ni rọ́bà gbọ́dọ̀ dí. Ẹ wo ṣọ́ọ̀kù pẹ̀lú: èyí tí òróró ti ń jò lára rẹ̀ kì í mú ọkọ̀ dúró, á máa fò bí bọ́ọ̀lù, á sì máa ha.

Etí fẹ́ńdà ló kù. Kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́, ẹ béèrè camber lọ́wọ́ ẹni tó ń ṣe aláìnmẹ́ǹtì, ìyẹn bí orí táyà ṣe tẹ̀ sínú tó. Bóòtù kan wà tí àárín rẹ̀ kò yípo gúnrégé, tí a lè fi rọ́pò ọ̀kan nínú méjì tó de ṣọ́ọ̀kù mọ́ irin họ́ọ̀bù níwájú. Ó lè mú orí táyà wọnú díẹ̀ kí ó kúrò lọ́nà etí fẹ́ńdà. Dígírì 1.5 sí 2 ti tó fún ọkọ̀ ojoojúmọ́. Lẹ́yìn Civic, fífi áàmù òkè tó ṣeé nà àti fún rọ́pò ti ilé-iṣẹ́ ló ń ṣe é. Lórí Corolla àti Golf 3, áásù ẹ̀yìn kò fún yín láyè yẹn, gíga àti rímù nìkan ni ẹ ní.

Bó bá di dandan kí ẹ tẹ etí fẹ́ńdà, ẹ fi afẹ́fẹ́ gbígbóná mú ọ̀dà gbóná títí ọwọ́ kò fi ní lè dúró lórí rẹ̀, kí ẹ máa tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ láti ìpẹ̀kun kan dé èkejì. Irin tí a ń de mọ́ họ́ọ̀bù, tó ní rọ́bà róbótó lórí, ló dára jù. Bó bá jẹ́ páńẹ́ẹ̀lì bítà ni, kí ó fi pákó sáàárín hámà àti irin. Ọ̀dà tutù á là. Ìlà tó là yẹn ni ìpẹtà á gbà wọlé, pàápàá fún ẹni tó ń gbé nítòsí òkun. Nígbà tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ tán, ẹ fi gọ́ọ̀mù bọ́dì dí ojú ìránpọ̀ irin inú, kí ẹ fọ́n ọ̀dà lé e ní ọjọ́ náà gan-an.

Ìgbésẹ̀ tó kẹ́yìn

Nígbàkígbà tí gíga ọkọ̀ bá yí padà, toe máa ń yí pẹ̀lú rẹ̀: ẹnu táyà á sún mọ́ra tàbí jìnnà síra wọn. Òun ló ń jẹ táyà jù, ju camber lọ. Nítorí náà ẹ lọ ṣe aláìnmẹ́ǹtì lẹ́yìn tí gíga ti dúró sójú kan, kì í ṣe ṣáájú. Ẹ ní kí wọ́n fi toe súnmọ́ òdo, kí wọ́n sì tẹ ìwé fún yín kí ẹ lè fi wé ti ìgbà mìíràn.

Ẹ de nọ́ọ̀tì rímù Civic yìí dé 108 N·m lórí sípánà oníwọ̀n, nígbà tí táyà wà nílẹ̀. Ẹ tún wọn ìdè wọn lẹ́yìn tí ẹ bá ti rìn nǹkan bí ọgọ́rùn-ún kìlómítà. Sípíríǹgì tuntun máa ń rì díẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kìíní, nítorí náà ẹ padà sórí ilẹ̀ kan náà, ẹ wọn igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹ fi wé ohun tí ẹ kọ sílẹ̀. Ní alẹ́ ọjọ́ yẹn, ẹ dojú ọkọ̀ kọ ògiri, ẹ tan iná iwájú, kí ẹ tún ibi tí ó ń wò ṣe, torí bí iwájú bá ti gbéra sókè ju bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, iná náà á máa ki ojú àwọn tó ń bọ̀ níwájú yín.